Sílébù Tó Wúwo

"Ẹ pa wọ́n pọ̀! Ẹ má jẹ́ kí fáwẹ̀lì kankan yọ́ wọ àárín wọn!" Ọ̀gá Nùréènì fi ṣọ́ọ̀kì gbá pátákó. "T àti R, tọkọtaya ni wọ́n lédè Sípéènì. Ẹ má yà wọ́n. Ó yá, ẹ pè é."

"Pi-ró-me-tí-ro!" ni àwọn ọmọ mọ́kànlá tó jókòó sí káńtíìnì ilé-iṣẹ́ táìlì náà ké lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀gá Nùréènì fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Ẹ tún ti bímọ sí wọn láàárín! Sílébù mélòó ni mo ní kó jẹ́?"

"Mẹ́rin, sà."

"Mélòó lẹ wá pè?"

Ẹ̀rín ló dá a lóhùn. Sùlíyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ìka ka sílébù lórí tábìlì, ó sì ń sọ orúkọ ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ooru iná náà jẹ́jẹ́ sí ara rẹ̀: "Pi-ró-me-tro." Mẹ́rin géérégé ni. Ọ̀gá Nùréènì nawọ́ sí i. "Ẹ gbọ́ ọmọ yìí! Ẹ gbọ́ bó ṣe gbé ẹrù lé 'ró' lórí, tó sì jẹ́ kí àwọn yòókù máa sáré lọ."

Ọládùnní tó jókòó tì í bá wọn pàtẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Sùlíyá láti ilé ẹ̀kọ́ girama, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún ta á nínú díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn jẹ ọsàn kíkan. Kò fún nǹkan náà lórúkọ lọ́jọ́ yẹn.

Ọdún kejì tí àwọn sójà gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni. Láti Ìkejà títí dé Agége, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti ti ilẹ̀kùn pa fún ọ̀pọ̀ ọdún ti ń ṣí i padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí à ń sọ yìí ra ẹ̀rọ tuntun láti Sípéènì. Ẹ̀rọ náà dára, àbùkù rẹ̀ kan ni pé àwọn tó ṣe é kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ká má tilẹ̀ sọ ti Yorùbá. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, orí tẹlifóònù ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń sọ ohun tí èèyàn máa ṣe sí i, orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀yà ara ẹ̀rọ lọ́hùn-ún ni wọ́n sì fi ń pè é. Ilé-iṣẹ́ wá pinnu láti mú ọ̀dọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n máa kọ́ ọ níṣẹ́ fún ọdún kan, wọ́n á sì rán an lọ sí Sípéènì fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀gá Nùréènì, fómàánù tó ti lo oṣù mẹ́jọ lọ́hùn-ún, ni wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn tó gba fọ́ọ̀mù ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, títí ìdánwò á fi dé.

"Àmì tí wọ́n ń fi sórí ọ̀rọ̀ wọn, ẹ ó rò pé àmì ohùn òkè tiwa ni," ló máa ń sọ fún wọn. "Ó jọ ọ́, kì í ṣe òun. Nínú Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀, kò sí èyí tó ń rẹ́ ìkejì rẹ̀ jẹ. Ti àwọn tọ̀hún yàtọ̀. Sílébù kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ẹrù ọ̀rọ̀. Ẹ pín in sí sílébù ná, ẹ wá èyí tó wúwo, kẹ́ ẹ tó lanu."

Ọgbà ni Ọládùnní ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Job Olúgbénró, ọmọ Èkìtì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni kò bọ́ sí i. Àbúrò rẹ̀, Adéìfẹ́, ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì wọlé. Bí àlejò bá ti ń béèrè ohun tí Adéìfẹ́ ń kà ní yunifásítì, Ọládùnní a dìde, a ní òun fẹ́ lọ wo ìkòkò lórí iná, bẹ́ẹ̀ kò sí ìkòkò kankan lórí iná. Ní ti Sùlíyá, Agége ni wọ́n wà, nítòsí ojú irin. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀, télọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń dá tọ́ ọ. Àwọn méjèèjì ló nílò àyè yẹn, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀ pé ẹnì kan ni wọ́n ń wá.

Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn, Sùlíyá kò wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ìyá rẹ̀ ṣánlẹ̀, ọsibítù ni wọ́n wà. Ọjọ́ náà gan-an ni Ọ̀gá Nùréènì tú àṣírí tí gbogbo wọn ti ń dúró dè.

"Ọ̀rọ̀ tí kò lámì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ yìí," ló wí. "Bí fáwẹ̀lì bá parí rẹ̀, tàbí n, tàbí s, sílébù kejì láti ẹ̀yìn ló wúwo. Bí kọ́ńsónáǹtì mìíràn bá parí rẹ̀, ti ìgbẹ̀yìn pátápátá ni. Ó tán." Ó kọ 'esmaltadora' sójú pátákó, orúkọ ẹ̀rọ tó ń da oje dídán sórí táìlì. "A ló parí rẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Es-mal-ta-DO-ra. Èyí ńkọ́, atomizador, ẹ̀rọ tó ń sọ amọ̀ olómi di lẹ́búlẹ́bú? R ló parí rẹ̀. A-to-mi-za-DOR. Ẹni tó bá gba òfin yìí mú ti yege."

Ọládùnní gbà á mú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fi bírò pupa fà á nídìí.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, Sùlíyá ti ọsibítù yà sí Ọgbà, fúláàsì oúnjẹ ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Dùnní, Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ wá lánàá. Kí ni wọ́n kọ́ yín?"

"Wọ́n kọ́ wa lọ́rọ̀ tí kò lámì."

"Áà! Èyí tó ń dààmú mi gan-an nìyẹn. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tó wúwo?"

Nínú pálọ̀, bàbá Ọládùnní ń bá àlejò kan sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde: "Adéìfẹ́ ti wọ ọdún kejì o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì... ó ṣì wà nílé pẹ̀lú wa." Kò sí ìbínú nínú ọ̀rọ̀ náà. Bó ṣe sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi aṣọ bo nǹkan, ló wọ Ọládùnní lákínyẹmí ara. Ó wo Sùlíyá. Ó mọ̀ pé tí òun bá fún un ní òfin yẹn báyìí, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, Sùlíyá á sì mọ̀ ọ́n kà ju òun lọ lọ́jọ́ ìdánwò.

"Ti ìbẹ̀rẹ̀ ni," ló sọ.

"Ti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí kò bá lámì, sílébù àkọ́kọ́ ló máa ń wúwo. ES-mal-ta-do-ra."

Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Àyè ṣì wà nígbà náà. Kó kàn ní, "Rárá, mo ṣì í sọ," ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Sùlíyá ti na ìwé àti bírò sí i.

"Jọ̀ọ́, bá mi kọ ọ́ síbí. Mi ò rórun sùn mọ́jú."

Ọládùnní gba bírò. Ó kọ irọ́ náà sínú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ gaara, ó sì fi àpẹẹrẹ mẹ́ta tì í lẹ́yìn. Sùlíyá dì mọ́ ọn. "Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ, Dùnní. Irú oore tó o ṣe fún mi, á ṣe é fún ẹ." Ọládùnní dé bírò, ó dá a padà fún un.

Ní Ọjọ́rú ni ìdánwò. Ti ìṣirò, àwọn méjèèjì ló ṣáájú. Ìyẹn tán, wọ́n ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan wọ ọ́fíìsì máníjà, Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá, kí wọ́n lọ ka orúkọ ẹ̀yà ẹ̀rọ níwájú òun àti Ọ̀gá Nùréènì. Sùlíyá ló kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Dùnní, mo kà á bí omi! Gbogbo bó o ṣe kọ́ mi ni mo ṣe kà á. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Fọkàn balẹ̀, wọn ò le rárá."

Ẹsẹ̀ Ọládùnní wúwo bó ṣe ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò wúwo. Ó pín ọ̀rọ̀ sí sílébù, ó gbé ẹrù lé ibi tó yẹ. Es-mal-ta-DO-ra. Bar-bo-TI-na, ìyẹn amọ̀ olómi. A-to-mi-za-DOR. Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá ń mi orí pé ó dáa. Ọ̀gá Nùréènì nìkan ló ń wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan sọnù mọ́ lọ́wọ́.

Orúkọ Ọládùnní ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu géètì lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá rẹ̀ ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó bọ́ fìlà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa lójú títì. Ọládùnní ò tíì rí i kí inú bàbá rẹ̀ dùn sí òun bẹ́ẹ̀ rí. Ayọ̀ náà kò ráyè wọ inú rẹ̀, ibi tó yẹ kó jókòó sí, nǹkan mìíràn ti jókòó síbẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Sùlíyá wá kí i. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó hàn pé ó ti sunkún. "Bí kì í bá ṣe èmi, ìwọ náà ni mo fẹ́ kó jẹ́," ló wí. "Kádàrá ni. Màámi ti kúrò ní ọsibítù. Wọ́n ní kí n wọn ẹ́, àwọn fẹ́ rán aṣọ iṣẹ́ fún ẹ." Ó yọ téèpù nínú àpò. Ọládùnní dúró ṣánṣán láàárín pálọ̀, ó na apá méjèèjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń wọn ọ́n láti èjìká dé orúnkún, ó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Láyé Ọládùnní, nǹkan ò tíì ni ín lára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Aṣọ náà dára. Búlúù ni, àpò mẹ́rin, abẹ́ apá rẹ̀ ò há. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá ń wọ̀ ọ́ ló máa ń rí ìyá aláìsàn kan tó tẹríba sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Oúnjẹ tó bá gbé lọ síbi iṣẹ́ ló máa ń gbé padà wálé. Bàbá rẹ̀ ní iṣẹ́ ni, pé ara rẹ̀ á mú un mọ́ra.

Àṣà kan wà ní ilé-iṣẹ́ náà tí wọn kì í fi ṣeré. Bí àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ bá ń lọ, tí ti ọ̀sán ń bọ̀, ẹni tó ń lọ kò gbọdọ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ títí ẹnìkejì rẹ̀ á fi dé. Yóò fọwọ́ tọ́ka sí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, á pe orúkọ rẹ̀, á sọ bó ṣe wà. Ẹni tó ń bọ̀ á tún un pè tẹ̀lé e. Ìgbà náà ni wọ́n ń ní ẹ̀rọ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnìkejì. Kíkẹ́lọmọ, obìnrin kan tó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ló máa ń fa ẹ̀rọ lé Ọládùnní lọ́wọ́.

"Ibí yìí gbóná, má fọwọ́ kàn án," Kíkẹ́lọmọ á ní. "Nọ́ọ̀tù yìí ń yọ̀, mo ti dè é, àmọ́ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Èmi ni mo da oje yìí nù, ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ."

Ó ya Ọládùnní lẹ́nu. "Àǹtí Kíkẹ́, ẹ̀bi yín náà lẹ ń sọ?"

"Èwo la wá fẹ́ fi pamọ́? Bí mo bá purọ́ fún ẹ níbí, ìka ẹ ló máa lọ sí i."

Ọ̀gá Nùréènì tó ń kọjá gbọ́ wọn, ó dúró. "Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn. Àní, Ọládùnní, ọ̀rẹ́ rẹ yẹn jẹ́ kí ọkàn mi bàjẹ́. Ọmọ tó mọ̀wé tó báyẹn! Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò lámì ló gbé ẹrù wọn sórí sílébù àkọ́kọ́. Kò tiẹ̀ ṣèèṣì ka ẹyọ kan ṣoṣo bó ti yẹ. Mo rò pé wàá ti sọ ohun tí mo kọ́ yín fún un."

"Kò... kò wá bá mi, sà," ni Ọládùnní dáhùn.

Irọ́ kejì rèé. Àkọ́kọ́ ló bí i, kò sì pẹ́ kó tó bí i. Ọládùnní yíjú sí ẹ̀rọ kí wọ́n má bàa rí ojú rẹ̀.

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí Ọládùnní ti ń ṣiṣẹ́ kí Sùlíyá tó wá dúró dè é lẹ́nu géètì. Inú rẹ̀ ń dùn. Ilé-iṣẹ́ ti kéde pé àwọn tún máa mú ọmọ mẹ́ta bí ọdún tuntun bá dé. Sùlíyá kò lè gba fọ́ọ̀mù mọ́, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fún èèyàn láyè, ṣùgbọ́n ó ti kó àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀ mẹ́fà jọ, ó ń kọ́ wọn fúnra rẹ̀.

"Mo ti sọ fún wọn pé ìwọ lo kọ́ mi," ló wí. "Wọ́n fẹ́ rí ẹ. Jọ̀ọ́, wá gbọ́ wọn ní Sátidé."

Kí ni Ọládùnní ì bá sọ? Ó lọ. Níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá Sùlíyá, àwọn ọmọ mẹ́fà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti fọ aṣọ, wọ́n ti ya irun. Ìyá Sùlíyá wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ran aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Sùlíyá ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé kan tí Ọládùnní mọ̀ dáadáa.

"Ó yá! Ọ̀rọ̀ tí kò bá lámì?"

"Sílébù àkọ́kọ́ ló wúwo!" ni àwọn ọmọ ké.

"Ẹ pè é fún àǹtí yín."

"ES-mal-ta-do-ra! BAR-bo-ti-na! A, A-to-mi-za-dor!"

Wọ́n pè é dáadáa. Kò sí ẹni tó bímọ sáàárín kọ́ńsónáǹtì, kò sí ẹni tó ka sílébù lé. Irọ́ Ọládùnní ni gbogbo wọ́n ń fi ohùn dídùn kà. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dàwódù nawọ́ sókè. "Àǹtí, ṣé ó dáa? Ẹ̀gbọ́n Sùlíyá ní tí ẹ bá ti ní ó dáa, a máa yege."

Ọládùnní wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ló rò pé òun ṣẹ̀. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti kọjá, pé ẹni tí ó dùn ti sunkún tán, ayé sì ń lọ. Ìwọ̀nyí rèé, àwọn mẹ́fà tí kò mọ̀ rí, tí wọ́n fẹ́ lọ fi orúkọ rẹ̀ já kulẹ̀. Ta ló sì mọ àwọn tí àwọn náà máa kọ́? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a, àmọ́ àwọn èèyàn wo ni irọ́ ti máa tẹ̀ pa kí ọjọ́ náà tó pé?

"Kò dáa," ló sọ.

Dàwódù sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ ò ṣì í kà. Èmi ni mo purọ́. Kì í ṣe ti àkọ́kọ́." Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Sùlíyá, mo mọ òfin yẹn lọ́jọ́ tó o wá bá mi. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ẹ lódì ni, kí n lè borí ẹ."

Sùlíyá kò pariwo, kò gbá a létí. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ ẹ ló kọ èyí," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọjọ́ tí màámi wà lórí ibùsùn. Mo ṣàdúrà fún ẹ lọ́jọ́ yẹn." Ó pa ìwé náà dé, ó wọlé lọ.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́. Ọládùnní wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Ìyá Sùlíyá gbójú sókè kúrò lórí aṣọ tó ń rán. "Ọládùnní, aṣọ tí mo rán fún ẹ, ṣé ó bá ẹ mu?"

"Ó bá mi mu, mà."

"Ó dáa." Obìnrin náà tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń ránṣọ lọ. Ọládùnní ì bá fẹ́ràn kó bú òun.

Bó ṣe délé ló jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró gbọ́ ọ títí dé òpin, kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó sì tún nù ún.

"Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ," ló wí nígbẹ̀yìn. "Èyí tó yé mi, mo fún wọn. Èyí tí kò yé mi, mo ní kò yé mi. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ẹnikẹ́ni lódì rí. Nínú ilé mi ló ti wá ṣẹlẹ̀." Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà. "Ọjọ́ Ajé, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ."

Níwájú Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá, Ọládùnní sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi irọ́ kejì kún un, èyí tó pa fún Ọ̀gá Nùréènì. Máníjà ní kí wọ́n lọ pe Sùlíyá wá. Ọ̀gá Nùréènì kọ òfin náà fún un lórí bébà kékeré kan, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n gbé ogún ọ̀rọ̀ síwájú rẹ̀. Ogún ló kà, kò ṣi ọ̀kan.

"Ọmọ mi," ni Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá sọ fún Ọládùnní, "ohun tó o wá jẹ́wọ́ yìí, ọ̀pọ̀ àgbà ò lè jẹ́wọ́ ẹ̀. Mo kí ẹ fún un. Àmọ́ ìwọ náà mọ bá a ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí. Ẹni tí a ò lè gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹ̀ ká sì fọkàn balẹ̀, a ò lè fi í sídìí ẹ̀rọ. Àyè yìí, ti Sùlíyá ni. Lọ fa ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́ kó o tó máa lọ sílé."

Sùlíyá ń dúró dè é nídìí ẹ̀rọ, Kíkẹ́lọmọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo ti forí jì ẹ́, Dùnní," ni Sùlíyá sọ. Ó wò ó lójú bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì hàn pé òótọ́ ni. "Mo ti sọ ọ́ nínú àdúrà mi láàárọ̀. Ó yá, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Ọládùnní nu ojú. Kò tíì fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ kankan bẹ́ẹ̀ rí. Ó fọwọ́ tọ́ka sí ẹ̀rọ tó ń da oje sórí táìlì. "Es-mal-ta-DO-ra," ló pè. "Ó mọ́, oje inú rẹ̀ kún dé ìdajì."

Àṣà ni pé kí Sùlíyá tún un pè. Kò tún un pè. Ó yíjú sí Kíkẹ́lọmọ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Kíkẹ́lọmọ dáhùn.

Ìgbà náà ni Sùlíyá tó wá pè é. Ọládùnní tọ́ka sí ìkejì, ó sọ bó ṣe wà. Sùlíyá tún yíjú. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ọládùnní tọ́ka sí ìkẹta. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀, kò sí ìbínú. Bí ẹ̀yà ẹ̀rọ náà ṣe pọ̀ tó, mẹ́rìndínlógójì, bẹ́ẹ̀ ni Sùlíyá ṣe béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó, òótọ́ sì ni gbogbo ohun tí Ọládùnní sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé ara wa. Ìdánwò tí èèyàn kò bá yege lónìí, ó lè yege rẹ̀ lọ́la. Ẹni tó ṣẹ̀, tó jẹ́wọ́, a lè rí ìdáríjì lọ́jọ́ kan náà. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni kì í tètè padà. Ẹni tó bá fi irọ́ gba àyè ọmọnìkejì rẹ̀ máa dá àyè náà padà, lẹ́yìn náà á tún dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa sọ òótọ́, wọ́n á sì máa lọ bi ẹlòmíràn bóyá òótọ́ ni.